Ẹ Fi Orí Àwọn Ọmọ Wa Sílẹ̀

Láti Kétu dé Ìkòsì, títí dé Mile 12 l'Ékòó níbí, ẹjọ́ kan náà la máa ń dá fún ọmọ tó ń ṣe ráápù tí orúkọ rẹ̀ kò ròkè: "Orí ẹ̀ ò gbè é." Àwọn tí kì í fẹ́ dárúkọ orí á ní bó bá mọ̀ ọ́n ṣe ni, ṣebí ìbá ti jáde. Irọ́ ni méjèèjì.

Ẹ wo Dagrin, ọmọ tó fi Yorùbá ṣe ráápù. Ọdún 2006 ló gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, Still on the Matter, síta. Mélòó nínú wa ló gbọ́ ọ? Ní 2009, àwo C.E.O. dé, ìgboro dàrú. Orí tó wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní náà ló gbé dé ọjọ́ kejì. Sossick tó ń ṣe bíìtì tó bá ohùn rẹ̀ mu ló rí, orin "Pon Pon Pon" sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn díjéè. Lọ́jọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 2010, ìjàǹbá ọkọ̀ mú un lọ. Ká ní ọdún 2008 ni ọkọ̀ yẹn kọlu nǹkan ńkọ́? À bá ti sin ín, à bá sì máa wí títí dòní pé orí ẹ̀ ò gbè é.

Lord of Ajasa ti ń fi Yorùbá ṣe ráápù kí Dagrin tó lókìkí. Ẹni tó bá gbọ́ "Le Fenu So" tí òun àti 9ice jọ ṣe kò ní sọ pé kò mọ̀ ọ́n ṣe. Òun ló ṣán oko tí àwọn mìíràn wá kórè.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti owó. Ẹ wọ yàrá kan tí wọ́n ń pè ní sitúdíò ní Kétu níbí: fóòmù bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì dí fèrèsé, wọ́n sì pa fáànù kí ariwo rẹ̀ má baà wọnú máíkì. Ọmọ náà ń làágùn, ó ń sáré kí epo jẹnẹrétọ̀ má tán mọ́ ọn lẹ́nu, torí wákàtí ló ń sanwó fún. Orin parí, orin dùn, ó wà nínú fóònù. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Díjéè tó máa fi í sínú míìsì ń gbowó. Ẹni tó máa ya fídíò ń gbowó. Àwọn tó lérò lẹ́yìn lórí Instagram kò ní jó sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ tó ń gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátò ní ọjà Mile 12 láti ìdájí, níbo ni yóò ti rí owó yẹn?

Ẹ óò ní Seyi Vibez ńkọ́, ṣebí Kétu ni wọ́n bí i sí? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n orin tó ní fújì nínú ló ń kọ, kì í ṣe ráápù. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá á jó o. Ráápù ní tirẹ̀ ń fẹ́ kí o lóye òwe tí wọ́n yí lórí, kí o tó rẹ́rìn-ín, ìyẹn ni kì í jẹ́ kó tètè sọdá òkun. Ibi tí wọ́n ti ń jó ni olówó ń náwó sí. Olamide fúnra rẹ̀, tó fi àwo ráápù Rapsodi wọlé ní 2011, tó wá di ọ̀gá ilé iṣẹ́ orin YBNL, orin ló ń kọ jù báyìí. Ẹ wá ń bi ọmọ Kétu tó ń ṣe ráápù léèrè ohun tó fà á tí tiẹ̀ ò tà.

Àwọn tí ìgbàgbọ́ pé orí ni kò gbeni yìí ń bọ́ kò sì kéré. Ẹni tó gbowó pé òun á gbé orin dé rédíò, tó jẹ ẹ́ tán, orí ọlọ́rí ló máa dá lẹ́bi. Wòlíì á ní kí ọmọ náà gbààwẹ̀. Bàbá kan á ta ọṣẹ àwúre fún un, owó fídíò á bá ibẹ̀ lọ. Mi ò bá ọṣẹ jà o, ọṣẹ a máa fọ ara. Mi ò kàn tíì rí díjéè tó ń gba ọṣẹ dípò owó ni.