Owó Ẹ̀rọ Láìsí Owó Asẹ́ Eruku, Kò Pé

Ọ̀rọ̀ àwọn káfíńtà ni mo gbé wá lóṣù yìí, ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń ta aṣọ tàbí gàrí má ṣe ṣí ojú ewé yìí kọjá. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣe onídùúró fún káfíńtà rí, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ náà ni.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn. Nígbà tí ẹgbẹ́ bá ń yá ènìyàn lówó láti ra ẹ̀rọ ìlagi tàbí ẹ̀rọ ìfági, kí owó asẹ́ eruku wà nínú owó náà.

Àwọn kan yóò ní, "Eruku igi kẹ̀? Ṣebí inú rẹ̀ ni àwọn bàbá wa ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi darúgbó?" Ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa. Ayùn ọwọ́ ni àwọn bàbá wa fi ń la igi, níta gbangba. Ìyẹ̀ tí ayùn ọwọ́ ń yọ a máa tóbi, ilẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń bọ́ sí. Ẹ̀rọ òde òní àti sáńpépà oníná ń lọ igi kúnná bí ìyẹ̀rosùn babaláwo. Èyí tó kúnná jù nínú rẹ̀, ojú kò rí i. Ó lè wà nínú afẹ́fẹ́ fún wákàtí púpọ̀ lẹ́yìn tí a ti pa ẹ̀rọ, inú ẹ̀dọ̀fóró ló sì ń lọ.

Àwọn igi tí a fẹ́ràn jù gan-an wà nínú ẹjọ́ yìí. Eruku ìrókò àti ti arère lè fa ásímà. Ti mansonia a máa mú ènìyàn sín, a sì máa mú imú ṣẹ̀jẹ̀. Ní High Wycombe, ìlú àwọn oníṣẹ́ àga ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dókítà obìnrin kan, Esmé Hadfield, ṣàkíyèsí pé jẹjẹrẹ ihò imú ń pọ̀ láàrin àwọn tó ń kan àga. Òun àti Donald Acheson pẹ̀lú àwọn mìíràn tẹ ìwádìí wọn jáde ní 1968. Ní 1995, àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ kéde pé eruku igi wà lára àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn.

Ẹ wá wo onídùúró. Ẹ̀rọ tí a fi owó ẹgbẹ́ rà, èémí ẹni tó ń lò ó la fi ń san án padà. Bí ikọ́ bá gbé e dálẹ̀, ẹ̀rọ kò lè dá pákó là. Àwọn tó fọwọ́ sí ìwé fún un ni akọ̀wé yóò pè. Ọmọ kọ́ṣẹ́ tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ náà ńkọ́? Òun ló ń jẹ eruku jù, kò sì ní ohùn ní ìpàdé wa.

Asẹ́ tí mò ń wí yìí, káfíńtà lè kàn án fúnra rẹ̀. Ní 2020, nígbà àrùn Kòrónà, Richard Corsi àti Jim Rosenthal ní Amẹ́ríkà gbé irú rẹ̀ kan jáde tí gbogbo ayé ń ṣe báyìí. Fíltà mẹ́rin, irú èyí tí wọ́n ń fi sí AC ilé ńlá, ni ẹ ó fi ṣe ògiri àpótí, kí ọfà tó wà lára wọn kọjú sínú. Ẹ fi pìláíwúùdù dí ìsàlẹ̀. Ẹ gbé fáànù onígun mẹ́rin lé orí rẹ̀, kí ó máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sókè. Ẹ fi téèpù dí gbogbo àlàfo, nítorí ibi tó bá ṣí ni eruku yóò gbà. Èyí tí wọ́n kọ MERV 13 sí lára ló dára. Aṣọ lásán kò tó, ṣùgbọ́n ẹ lè fi aṣọ bo ìta rẹ̀ kí ó máa gba ìyẹ̀ tó tóbi, kí ẹ sì máa gbọ̀n ọ́n níta lójoojúmọ́.

Ẹ má fi èyí tan ara yín o. Asẹ́ yìí kò gba òórùn tínà. Bí ẹ bá ń fín fáníìṣì, ẹ pa fáànù náà, kí iná má baà sọ. Ìyẹ̀ igi pàápàá ń gbaná kíá, ẹ má jẹ́ kó jọ sínú àpótí. Kò sì gba ipò ìbòmú lẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àtíbàbà níta kò nílò rẹ̀, afẹ́fẹ́ Ọlọ́run ti ṣe é fún un. Ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn nígbà òjò àti ọyẹ́ ni mò ń bá wí.

Nítorí náà, mo dá a lábàá fún ìgbìmọ̀ wa:

(1) Kí owó asẹ́ wà nínú gbogbo ẹ̀yáwó ẹ̀rọ igi, kí onídùúró sì fojú rí asẹ́ náà ní ṣọ́ọ̀bù kí a tó san ìyókù owó.

(2) Kí àwọn oníṣòwò wa tó ń ná Èkó bá ẹgbẹ́ ra fíltà ní páálí-páálí, kí a tà á fún ọmọ ẹgbẹ́ ní iye tí a rà á. Fíltà tó bá ti dí, pípààrọ̀ ni. Bí ó bá wọ́n jù, wọn kò ní pààrọ̀ rẹ̀.

(3) Kí káfíńtà kan kan ti àkọ́kọ́ níwájú gbogbo wa ní ìpàdé.

Àwọn kan yóò ní èyí yóò mú ẹ̀yáwó wọ́n sí i. Bẹ́ẹ̀ ni, yóò fi díẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n a kì í ra mọ́tò ká ní owó bíréèkì pọ̀ jù. Ẹ̀yin ará Ihunbo, ìlera loògùn ọrọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yìí sí ètò ìpàdé tó ń bọ̀, ká dìbò lé e lórí.