Ẹ Ká Etí Kápẹ́ẹ̀tì Sókè, Kí Ẹ Wo Ẹ̀yìn Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, kò sì yẹ kí n dá a gbé mì.

Ní oṣù tí ó kọjá, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tuntun sí iyàrá ọ̀gá ní ọ́fíìsì tí mo ti ń ṣe akọ̀wé. Ó pupa bí osùn, ó sì rọ̀ lẹ́sẹ̀ bí òwú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n. Gbogbo àwa òṣìṣẹ́ ni a ń yọjú wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ wo iṣẹ́ ẹ̀rọ! Ọjọ́ wo ni àwọn ahunṣọ wa yóò ṣe irú èyí? Ọwọ́ tiwa kò lè dé ibẹ̀ láéláé." Àwọn yòókù mi orí, wọ́n ní òótọ́ ni ó sọ. Èmi kò dá a lóhùn. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ká etí kápẹ́ẹ̀tì náà sókè níbi tí aṣọ tí a lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn ti ṣí díẹ̀, mo sì wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ojú abẹ́rẹ́ ni mo rí, tí ó tò lọ gbọọrọ bí ebè nínú oko. Wọn kò hun kápẹ́ẹ̀tì náà rárá. Rírán ni wọ́n rán an.

Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ ni èyí. Ní ti kápẹ́ẹ̀tì ayé àtijọ́, irú èyí tí àwọn ará Páṣíà àti àwọn ará Tọ́kì ń ṣe, bí a ti ń hun aṣọ náà ni a ń ta òwú mọ́ ọn ní kókó kọ̀ọ̀kan, ènìyàn a sì fi ọ̀pọ̀ oṣù jókòó ti ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ tí ń rán kápẹ́ẹ̀tì kò tẹ̀lé ọ̀nà yìí. Ọ̀pá gígùn kan ni ó wà lókè rẹ̀, a sì to abẹ́rẹ́ sí i lára lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí a bá to abẹ́rẹ́ mẹ́jọ sí íǹṣì kan, tí ẹ̀rọ náà sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ mọ ìṣirò, ẹ ṣe é wò: abẹ́rẹ́ 1,152 ni. Òwú kọ̀ọ̀kan gba ojú abẹ́rẹ́ tirẹ̀ kọjá. A ó na aṣọ kan tí a ti hun tẹ́lẹ̀ sábẹ́ wọn, gbogbo abẹ́rẹ́ náà yóò sì gún un lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwọ̀ kékeré tí ó wà nísàlẹ̀ yóò gbá òwú mú, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí abẹ́rẹ́ bá padà sókè, òwú yóò kù sílẹ̀ ní ojóbó. Bí a bá fẹ́ kí ó rí bí irun, ọ̀bẹ tí ó wà lára ìwọ̀ náà yóò gé ojóbó náà sí méjì. Lẹ́yìn èyí a ó fi oje rọ́bà pa ẹ̀yìn rẹ̀, a ó sì lẹ aṣọ mìíràn mọ́ ọn, kí òwú má baà fà yọ. Ó parí. Abẹ́rẹ́ àti òwú ni gbogbo àdìtú rẹ̀.

Ta ni ó wá kọ́kọ́ ronú irú iṣẹ́ yìí? Kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ kankan, kì í sì í ṣe olówó. Ọmọbìnrin kan ni, Catherine Evans ni orúkọ rẹ̀, ọmọ àwọn àgbẹ̀ ní ìtòsí ìlú Dalton, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà. Ní 1892, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 12, ó rí aṣọ ìtẹ́bùsùn àtijọ́ kan tí a fi òwú ki yọ iṣẹ́ ọnà sí lára. Ó wù ú. Ní 1895, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán ọ̀kan tí ó jọ ọ́: ó fi òwú ki gún aṣọ funfun, ó gé orí òwú náà kí ó lè tú bí òdòdó, ó sì fi omi gbígbóná fọ aṣọ náà kí ó lè sún, kí ó sì di òwú náà mú ṣinṣin. Ní 1900, ó ta ọ̀kan ní dọ́là méjì àti àbọ̀. Àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí bèèrè tiwọn. Nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, kò fi ọgbọ́n náà pamọ́. Ó kọ́ àwọn obìnrin àdúgbò rẹ̀.

Láìpẹ́, iṣẹ́ náà ràn ká gbogbo agbègbè náà. Àwọn oníṣòwò a máa fi ọkọ̀ gbé aṣọ tí a ti ya àwòrán sí, pẹ̀lú òwú, lọ sí ilé àwọn obìnrin oko. Wọn a sì padà wá gba èyí tí a ti rán, wọn a san owó iṣẹ́. Lẹ́bàá ọ̀nà ńlá tí ó gba Dalton kọjá, a ta okùn, a sì sá àwọn aṣọ náà sórí rẹ̀ kí àwọn tí ń wakọ̀ kọjá lè rí i rà. Àwòrán ẹyẹ ọ̀kín ni àwọn ènìyàn fẹ́ràn jù, tí ó fi jẹ́ pé orúkọ ẹyẹ náà ni a fi ń pe ọ̀nà náà.

Nígbà tí ó di ọdún 1930 sí 1939 ni ẹ̀rọ wọlé. Àwọn òfin ìjọba Amẹ́ríkà ti 1933 àti 1938 sọ iye tí owó òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ dín sí, èyí sì mú kí àwọn olówó máa wá ohun tí yóò yára ju ọwọ́ lọ. Níbo ni wọ́n ti rí i? Wọn kò ránṣẹ́ sí òkè òkun. Àwọn mẹkáníìkì Dalton àti ti Chattanooga, ìlú tí kò jìnnà sí i, mú ẹ̀rọ ìránṣọ Singer tí gbogbo ènìyàn mọ̀, wọ́n fi abẹ́rẹ́ tí ó nípọn sí i, wọ́n fi ìwọ̀ àti ọ̀bẹ sí abẹ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan di púpọ̀, ẹ̀rọ náà sì ń fẹ̀ sí i títí ó fi lè rán kápẹ́ẹ̀tì ilé lódindi. Ní 1950, nínú kápẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá tí a ń ṣe ní Amẹ́ríkà, bí ọ̀kan péré ni a fi ọ̀nà yìí rán. Mẹ́sàn-án yòókù ni a hun. Kò tó 20 ọdún lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ ti yí padà pátápátá. Dalton di olú-ìlú kápẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé, obìnrin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà sì fi ojú ara rẹ̀ rí púpọ̀ nínú rẹ̀ kí ó tó kú ní 1964.

Ẹ̀yin ará, kí ni mo fẹ́ fà yọ nínú ìtàn yìí? Ohun mẹ́ta ni.

Èkíní, iṣẹ́ ọwọ́ ni ìyá ẹ̀rọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń fi iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀sín ń gé igi tí ẹ̀rọ yóò fi so èso. Ṣé àwa kò mọ aṣọ onírun rí ni? Ẹ lọ sí Ìjẹ̀bú, kí ẹ wo ìtagbè tí àwọn ọmọ Òṣùgbó ń fi sí èjìká. Àwọn obìnrin ni ó hun ún lórí òfì ìdúró, wọ́n sì fa òwú rẹ̀ yọ sókè ní ojóbó ojóbó bí ṣàkì inú màlúù. Ohun tí ẹlẹgbẹ́ mi ní ọwọ́ wa kò lè ṣe láéláé, ọwọ́ wa ti ṣe é kí a tó bí Catherine Evans. Kì í ṣe ọgbọ́n ọwọ́ ni ó wọ́n wa.

Kí wá ni ó wọ́n wa? Èyí ni ohun kejì: ẹni tí ń ṣe ẹ̀rọ àti ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ kò jókòó pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ní Dalton, mẹkáníìkì náà lè gba ojúlé kọjá kí ó sì rí obìnrin tí ń fi abẹ́rẹ́ gún aṣọ. Ó mọ ibi tí ọwọ́ ń dùn ún. Ní ọ̀dọ̀ wa, mẹkáníìkì tí ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ní Ìbàdàn kò mọ ahunṣọ Ìṣẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni ahunṣọ Ìṣẹ́yìn kò mọ̀ pé a lè ṣe ohunkóhun sí òfì baba òun. Bí a bá wá ń fẹ́ ẹ̀rọ, a ó ra èyí tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe fún àìní tiwọn. Ní 1957, ilé-iṣẹ́ aṣọ ńlá ti Kaduna bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìhà Àríwá pẹ̀lú ẹ̀rọ láti òkè òkun. Ní 2002, ó ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Mo mọ̀ pé àìsí iná mànàmáná àti ọjà tí a ń fi fàyàwọ́ kó wọlé wà lára ohun tí ó pa irú àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí a kò mọ bí a ti ṣe é, a kò lè sọ ọ́ di tuntun nígbà tí ó bá gbó. Bí ó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé irú ìjókòópọ̀ yìí kò sí nínú àṣà wa. Àwọn ará Abẹ́òkúta mú páànù pẹlẹbẹ tí ó wà nínú àpótí tíì òyìnbó, wọ́n gé àwòrán sí i, wọ́n sì fi tẹ ẹ̀kọ sí ara àdìrẹ. Àwọn ọkùnrin wa mú ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n fi rán àdìrẹ kí aró má baà wọ ibi tí wọn kò fẹ́. Ta ni ó kọ́ wọn? Àìní ni, àti ọjà. Ohun kan náà ni àwọn ará Dalton ṣe. Ìyàtọ̀ wa ni pé àwa dúró ní ìgbésẹ̀ kìíní.

Ohun kẹta ni ó dùn mí jù, nítorí ọmọ ahunṣọ ni èmi náà. Ìyá mi àgbà hun kíjìpá títí ojú rẹ̀ fi ṣú, owó kíjìpá náà ni ó sì san owó ilé-ìwé tí mo fi ń kọ̀wé lónìí. Nígbà tí ẹ̀rọ dé Dalton, iṣẹ́ kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn obìnrin oko, ó wọ ilé-iṣẹ́. Ẹni tí ó ni ẹ̀rọ ni ó ni èrè. Ẹni tí ó ni abẹ́rẹ́ ọwọ́ nìkan di alágbàṣe, tàbí kí ó jókòó. Ìpalára mìíràn sì tún tẹ̀ lé e: kẹ́míkà tí a ń fi pa kápẹ́ẹ̀tì kí àbàwọ́n má baà mú un ti wọ inú odò tí ń ṣàn kúrò ní agbègbè náà, àwọn ìlú ìsàlẹ̀ odò sì ń ráhùn nípa omi mímu wọn títí di ìsinsìnyí. Kí a má ṣe pa irọ́ fún ara wa pé ẹ̀rọ kò ní gbèsè tirẹ̀.

Àwọn kan yóò ní, "Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a pa ẹ̀rọ tì." Èmi kò gbà. Bí a pa á tì, kápẹ́ẹ̀tì àwọn ẹlòmíràn yóò ṣáà máa wọlé. Àwa ni a ó ra á, àwa náà ni a kò ní ní iṣẹ́. Ẹ wo àwọn àgbẹ̀ Bengal. Ọ̀gbọ̀ wọn, èyí tí a ń pè ní jute, ni a ń fi hun aṣọ ẹ̀yìn kápẹ́ẹ̀tì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ rí okùn tí a fi epo rọ̀bì ṣe, wọ́n fi ọ̀gbọ̀ sílẹ̀, kò sì sí ohun tí àgbẹ̀ lè ṣe sí i. Ẹni tí ń ta ohun èlò nìkan, ẹlòmíràn ni ó di ọjọ́ ọ̀la rẹ̀ mú.

Ìmọ̀ràn mi nìyí, kò sì ṣòro. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ àwọn ahunṣọ ní ìlú kọ̀ọ̀kan pe àwọn mẹkáníìkì àti àwọn alágbẹ̀dẹ jókòó, kí wọ́n fi iṣẹ́ hàn wọ́n, kí wọ́n sọ ibi tí ó ń pẹ́ ní ọwọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀rọ kékeré bẹ̀rẹ̀, èyí tí ó lè rán ẹní ẹnu ọ̀nà àti aṣọ ìtẹ́lẹ̀ fún ọjà wa. Kí a fi sányán, àlàárì àti ẹtù sílẹ̀ fún ọwọ́, nítorí ọwọ́ ni iyì wọn. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń kó kápẹ́ẹ̀tì wọlé, ẹ fi díẹ̀ nínú èrè yín sí iṣẹ́ yìí. Kí ẹ̀rọ náà sì jẹ́ ti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, kí obìnrin tí ó fi òfì sílẹ̀ lè ní ìpín nínú ohun tí ó gba ipò òfì rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.

Mo ti ká etí kápẹ́ẹ̀tì náà bọ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá mi wọlé, ó bèèrè ohun tí mo ń wá ní ilẹ̀, mo sì dá a lóhùn pé, "Ọwọ́ ìyá mi àgbà ni mo ń wá, sà." Ó rò pé mo ń ṣe àwàdà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí dé ibí mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà.

Èmi ni ti yín ní òtítọ́,
AKỌ̀WÉ ỌMỌ AHUNṢỌ