Ẹ má yọ́ lọ sí abà

 

Ní agbègbè Kétu, bí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta ní oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin, ilé a dá. Àwọn ènìyàn a di ọkọ́, àdá, ìkòkò àti ẹní sẹ́yìn zémijan, wọ́n a gbé ọmọ sáàárín, ó di abà. Ní Ṣábẹ, àwọn mìíràn ti lọ ṣáájú ìyẹn nítorí kajú, tí a ń ṣà láti oṣù kejì dé oṣù kẹrin. A lè lo oṣù méjì níbẹ̀, a lè lo oṣù mẹ́ta, nígbà mìíràn títí a ó fi kórè àgbàdo. A ó padà wálé. Ṣùgbọ́n kí a tó padà, ohun púpọ̀ lè ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ni ti bí a ṣe ń lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń yọ́ lọ ni. Kí àkùkọ tó kọ, a ti jáde. Aládùúgbò á kàn rí i pé ilẹ̀kùn wà ní títì. Bí ẹ bá bi ará ilé, á ní, “Wọ́n ti lọ sóko.” Oko wo? Kò mọ̀. Èmi kò fara mọ́ àṣà yìí. Lójú tèmi, ẹni tó bá fẹ́ lọ gbé ní abà fún oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ nílé wọn.

Àwọn wo ni ọ̀rẹ́ àtijọ́? Àwọn tí ẹ jọ ṣeré òṣùpá, tí ẹ jọ dẹ pàkúté eku, tí ẹ jọ kọ́ṣẹ́, tí ẹ jọ jó níbi ìgbéyàwó ara yín. Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Òótọ́ ni. Ọ̀kan ti lọ sí Kútọnù, ọ̀kan wà ní Èkó, ọ̀kan lọ sí Àbíjàn kò sì wálé mọ́, ọ̀kan ti kú. Àwọn tó kù sílé kò pọ̀. Àwọn yẹn la kò kà sí: a ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn lójoojúmọ́, a ń sọ pé “ẹ kú àárọ̀”, a kì í jókòó.

Mo mọ ohun tó ń mú wa yọ́ lọ. Ìbẹ̀rù ni. A ní bí ọ̀tá bá mọ ọjọ́ tí a ń lọ, á ṣe wá níbi. Èmi kò ní sọ pé ayé kò le. N kò sì ní kí ẹ lu agogo káàkiri ọjà. Ènìyàn mẹ́ta tó. Ẹni tí ẹ ti ń bá jẹun nínú àwo kan láti ogún ọdún, bó bá fẹ́ ṣe yín níbi ni, kò ní dúró de ọjọ́ tí ẹ ń lọ sóko. Ẹni tó sì wà nínú igbó tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó wà, kí ni ọ̀tá tún fẹ́ ṣe fún un?

Àwọn mìíràn ń yọ́ lọ nítorí gbèsè. Ìyẹn kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ lọ bá olówó, ẹ sọ oṣù tí ẹ ó san. Bí ẹ bá sá lọ, gbèsè á dúró dè yín nílé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní abúlé kan tí mo ti kọ́ àwọn àgbà ní ìwé. Ọkùnrin kan kó ìyàwó àti ọmọ méjì lọ sí abà tuntun. Kò sọ fún ẹnì kankan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ejò bù ú jẹ lẹ́sẹ̀ níbi tó ti ń roko. Ìyàwó rẹ̀ sáré dé ojú títì, ó rí zémijan kan, wọ́n jọ padà wọ igbó. Wọ́n ṣìnà, nítorí òun náà kò tíì mọ ọ̀nà náà dáadáa. Ilẹ̀ ti ṣú kí wọ́n tó gbé ọkọ rẹ̀ dé ilé ìwòsàn. Ó yè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà kò bọ̀ sípò mọ́. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà nílé tó jẹ́ ọdẹ, tó mọ igbó yẹn bí àgbàlá ilé rẹ̀, tó sì ní alùpùpù. Ọdẹ náà sọ fún mi pé, “Mo wà nílé lọ́jọ́ náà. Abẹ́ igi ni mo jókòó sí.”

Bí ejò bá bu ènìyàn jẹ, kí ó dùbúlẹ̀, kí ó má rìn, kí ó má mi ẹsẹ̀ náà. Ẹ má fi abẹ sín in, ẹ má fi okùn dì í, ẹ má fi ẹnu fa oró. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Oògùn tí ń pa oró ejò kì í sí ní gbogbo ilé ìwòsàn kékeré, nítorí náà ẹ bi nọ́ọ̀sì kí ẹ tó lọ pé ibo ló wà. Ẹ wò ó: ẹni tí a ní kó má rìn, ẹlòmíràn ló máa gbé e. Ta ni ẹlòmíràn náà, bí a bá ti yọ́ lọ?

Ẹ ó ní tẹlifóònù wà. Ó wà. Ṣùgbọ́n rẹ́só kò dé gbogbo abà, bátìrì a sì máa kú. Ẹ ti mọ̀wé báyìí. Ẹ fa ewé kan ya, ẹ kọ orúkọ abà sí i, odò tàbí igi ńlá tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, àti orúkọ ẹni tí oko rẹ̀ bá tiyín pààlà. Ìlà mẹ́rin tó. Ẹ fún ọ̀rẹ́ yín. Bí kò bá mọ̀wé, ọmọ rẹ̀ á kà á fún un.

Obìnrin kan nínú kíláàsì wa máa ń fi ìrọ̀lẹ́ méjì kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó tó lọ. Lọ́dún kan, ọ̀kan nínú wọn ní kó mú ìwé àjẹsára ọmọ rẹ̀ wá. Wọ́n jọ ka oṣù. Abà ni ọmọ náà máa wà nígbà tó bá pé oṣù 9, ìgbà tí a ń gba abẹ́rẹ́ èéyi àti ti ibà apọ́njú. Ọ̀rẹ́ náà ránṣẹ́ sí i nígbà tó tó àkókò, láti ẹnu àwọn tó ń lọ ra gàrí ní abà. Ọmọ náà gba abẹ́rẹ́ rẹ̀. Bí ọmọ tiyín kò bá tíì pé oṣù mẹ́rin, ẹ tún wo ìwé náà dáadáa: ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14.

Ẹ̀yin ọkọ, ìyàwó yín náà ní ọ̀rẹ́. Ẹ fún un ní ìrọ̀lẹ́ tirẹ̀. Bí oyún rẹ̀ bá sì ti wọ oṣù ìbí, ẹ má mú un lọ sí abà tó jìnnà rárá.

Ìkíni yìí náà ló ń mú àáró wá. Níbẹ̀ la ti ń mọ ẹni tó máa wá bá wa roko lọ́sẹ̀ yìí, kí a lọ bá a ro tirẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Níbẹ̀ la tún ti ń rí irúgbìn. Bí ọ̀rẹ́ bá fún yín ní àgbàdo gbígbìn, ẹ kà 10 nínú rẹ̀, ẹ dì í sínú aṣọ tútù fún ọjọ́ márùn-ún, kí aṣọ náà má gbẹ. Bí 8 bá hù, ẹ gbìn ín. Bí kò bá ju 5 lọ, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá òmíràn. (Ẹ má jẹ́ kí sódábì gba gbogbo ìrọ̀lẹ́ náà o. Mo ti rí ẹni tó lọ kí ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí kò rántí ohun tó bá ọ̀kankan sọ.)

Bó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo ló kù fún yín, ẹ lọ sọ́dọ̀ èyí tí ara rẹ̀ kò yá. Ẹ má bi í ní ìbéèrè púpọ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ gbìn fún un, àti bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí. Àgbẹ̀ tó ti wà lórí ẹní láti ọdún tó kọjá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ oko ju ọ̀rọ̀ àìsàn lọ. Bó bá ní kí ẹ bá òun mú àgbàdo tútù bọ̀, ẹ dá oṣù fún un.