Àlejò Tó Ń Padà sí Òkukù

Ní ọdún 1974 ni Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé Òkukù, ìlú tí kò jìnnà sí Ìkìrun àti Ìníṣà. Oríkì ló wá ṣèwádìí lé lórí. Ó lò tó ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ àwọn obìnrin tó ń kini. Lẹ́yìn náà ó di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, èdè Yorùbá ló sì fi ń kọ́ni níbẹ̀. Síbẹ̀ kò pa Òkukù tì. Ọdún 1991 ni ìwé rẹ̀, I Could Speak Until Tomorrow, tó jáde.

Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ nìkan kò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Oríkì kì í to ìtàn lẹ́sẹẹsẹ. Gbólóhùn kan péré lè fi ìjà tàbí àdánù pamọ́, èyí tí ẹbí kì í tú fún àlejò. Ọ̀rẹ́ tó ń padà wá ni wọ́n ń là á yé.

Ó ṣeni láàánú pé Gẹ̀ẹ́sì ni akẹ́kọ̀ọ́ Òkukù yóò fi ka àlàyé ọ̀rọ̀ àwọn ìyá rẹ̀ nínú ìwé náà. Kí olùkọ́ tó ní kí ọmọ há oríkì sórí fún ìdánwò, kí ó rán an sí ìyá àgbà nílé, kí ó sì tún rán an padà.