Ọ̀RỌ̀ ỌKỌ̀: Páìpù Èéfín Tí A Mú Yọ Láàárín Ìdí Ọkọ̀

   Nítorí àwọn tó ń palẹ̀mọ́ ìrìn-àjò ilé gan-an ni mo ṣe mú kálámù lónìí.

Àṣà kan ti gbòde láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa. Bí ọwọ́ wọn bá ti ba Pijó 504 àtijọ́ kan báyìí, ó di ọ̀dọ̀ wẹ́dà. Wọ́n á ní kí ó yọ páìpù èéfín kúrò ní ẹ̀gbẹ́, kí ó mú un yọ láàárín gbùngbùn ìdí ọkọ̀, kí ó sì máa dún bí ìlù. N kò bá wọn jà. 504 yẹ ní fífẹ́ràn. Ọdún 1968 ni wọ́n gbé e jáde ní ilẹ̀ Faransé, ní 1975 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kaduna, tòsí wa níbí, fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ti Volkswagen Ìjàpá rọrùn, nítorí ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Ti 504 le. Iwájú ni ẹ́ńjìnnì wà, ilé jíà ẹ̀yìn tó ń yí táyà sì ti gba àárín. Páìpù ní láti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá kí ó tó tẹ̀ padà sí àárín. Wẹ́dà tó mọṣẹ́ a máa rọ iyanrìn gbígbẹ kún páìpù, a dí ẹnu méjèèjì, a fi iná yan án títí yóò fi pọ́n, kí ó tó tẹ̀ ẹ́, kí ó má bàa fún pọ̀. Iyanrìn tútù kò dára rárá: omi inú rẹ̀ yóò di oru, ó sì lè bẹ́ lójú ẹni. Ẹ má jẹ́ kí ó fi páìpù gbàǹgbà sí i nítorí ariwo, ẹ́ńjìnnì yóò di ọ̀lẹ lórí òkè. Rọ́bà ni kí ó fi gbé e rọ̀, kì í ṣe irin, nítorí ẹ́ńjìnnì ń mì, ojú ibi tí wọ́n jó yóò sì là. Kí ó tó tan iná, ẹ tú wáyà bátìrì, kí páìpù náà sì jìnnà sí tánkì epo àti páìpù búréèkì.

Gbogbo èyí, àwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n. Èyí tí wọn kì í bèèrè ni ibi tí èéfín ń lọ.

Ẹ wo bí a ṣe ń lọ sílé. Àpò àlùbọ́sà méjì, ẹ̀wà, tàtàṣé; búùtù kò ní pa dé mọ́, a óò fi okùn so ó. Bí ọkọ̀ bá sì ń sáré, afẹ́fẹ́ ń ya lára rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ a ṣófo díẹ̀, òfìfo náà ni ó ń fa èéfín padà. Páìpù tó wà láàárín, tó kúrú, tí kò yọ kọjá bọ́ńpà, abẹ́ ẹnu búùtù gan-an ni ó ń tú u sí.

Carbon monoxide wà nínú èéfín yìí. Kò lóòórùn, kò láwọ̀, kì í tani lójú. Ẹ̀jẹ̀ wa ń dì í mú ju bí ó ti ń di afẹ́fẹ́ rere mú lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Orí fífọ́, èébì, oorun: àmì rẹ̀ nìyẹn. Àwa a sì máa sọ pé ọ̀nà ló jìn tí ọmọ fi sùn! Ìjókòó ẹ̀yìn ló súnmọ́ búùtù jù, ibẹ̀ ni a sì ń kó àwọn ọmọ sí. 504 oníkábúrétọ̀ kò sì ní ohun tó ń fọ èéfín nínú páìpù bí ọkọ̀ ìwòyí. (Àwọn àgbà ìdí iṣẹ́ wa ní rélùwéè ní èéfín ọkọ̀ elédùú a máa ba aṣọ funfun jẹ́. Èyí tí a rí ni tiwọn.)

Nítorí náà, kí páìpù yọ kọjá bọ́ńpà dáadáa, kí rọ́bà ẹnu búùtù má ya. Kí ẹ tó sanwó fún wẹ́dà, níta gbangba, tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, ẹ di àkísà tútù mọ́ ẹnu páìpù fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ tẹ́tí. Bí ó bá ń ṣe fíì níbi tí wọ́n jó, kí ó tún un ṣe. Bí ẹrù bá pọ̀, ẹ gbé e sórí ọkọ̀, tàbí kí ẹ fi ránṣẹ́ lọ́tọ̀. Ẹ má ṣí búùtù sílẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ ẹni méjì nínú ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ dúró, kí gbogbo yín jáde síta. Ẹ má sọ pé ó di Jẹ́bà.

Lóṣù tí ń bọ̀, ọ̀rọ̀ búréèkì ni. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi lé akọ̀wé ẹgbẹ́ lọ́wọ́.