A ń kọ́ ilé, a kò kọ́ ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀

Bí gómìnà tàbí mínísítà bá fẹ́ ṣí ilé ńlá kan nílẹ̀ wa, tọmọdé-tàgbà ló ń gbọ́. Àwọn onílù yóò wà níbẹ̀, àwọn oníròyìn yóò gbé kámẹ́rà dé, wọn yóò gé ríbọ́ọ̀nù, wọn yóò sì sọ iye bílíọ̀nù náírà tí wọ́n ná sí i. Ohun kan wà tí a kì í sábà gbọ́ lọ́jọ́ náà: orúkọ ẹni tí yóò máa mójú tó ilé ọ̀hún láti ọjọ́ kejì lọ, iṣẹ́ tí onítọ̀hún kọ́, àti iye owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú rẹ̀ lọ́dọọdún. Nínú ohun tí a kì í sọ yìí ni ewu fara pamọ́ sí, ewu náà sì ti ń gba ẹ̀mí.

Ní ọjọ́ kìíní, oṣù kẹjọ, ọdún 2023, ọ̀dọ́mọbìnrin dókítà kan wọ lífítì nínú ilé tí àwọn dókítà ń gbé ní ọsibítù ìjọba tó wà ní Odan, ní Erékùṣù Èkó. Lífítì náà já bọ́ láti òkè pẹ̀lú rẹ̀ nínú, dókítà náà sì kú. Kò tíì parí ọdún kan tí àwọn dókítà tuntun fi ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn ọ̀gá wọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìbínú sọ pé ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń fẹjọ́ lífítì ọ̀hún sùn. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní kí ọ̀gá àgbà àjọ tó ń mójú tó ohun ìní ìjọba lọ rọ́kún nílé, wọ́n sì fagi lé àdéhùn tí wọ́n bá agbaṣẹ́ṣe tó wà nídìí lífítì náà ṣe. Gbogbo ìyẹn, ẹ̀yìn ikú ló dé.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2025, èéfín ṣàdédé kún ilé alájà mẹ́fà kan ní Broad Street, ní Erékùṣù Èkó kan náà. Àwọn panápaná sọ pé láti yàrá ínfátà tó wà nísàlẹ̀ ilé náà ni èéfín ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ kan gba ojú fèrèsé jáde. Èèyàn mẹ́wàá ló bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ, àwọn tó jáde nílé láàárọ̀ láti lọ síbi iṣẹ́ bí wọ́n ti máa ń lọ lójoojúmọ́.

Ẹjọ́ ẹni tó jẹ̀bi, iṣẹ́ ìjọba àti ti kóòtù ni. Ohun tó yẹ kí gbogbo wa ronú lé ni pé ilé méjèèjì yìí kò wó. Bí a bá ti dárúkọ ewu ilé nílẹ̀ wa, ilé tó dà wó ni ọkàn wa máa ń lọ sí, a ó sì máa bú bíríkìlà àti ẹnjiníà. Ṣùgbọ́n ilé tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ le, tí ògiri rẹ̀ kò sì sán, lè di pańpẹ́ ikú bí kò bá sí ẹni tó mọ iṣẹ́ tó ń ṣọ́ ohun èlò inú rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí ni àwọn Òyìnbó ń pè ní facilities management, tí àwa lè pè ní iṣẹ́ àmójútó ilé àti ohun èlò. Àjọ ISO, tó ń ṣètò ìlànà iṣẹ́ fún gbogbo ayé, túmọ̀ rẹ̀ ní ọdún 2017 sí iṣẹ́ tó so èèyàn, ibi tí wọ́n wà, àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe nǹkan pọ̀, kí ìgbé ayé àwọn tó ń lo ilé lè dára, kí iṣẹ́ tí wọ́n wá ṣe níbẹ̀ sì lè yọrí. Ní ọdún 2018, wọ́n gbé ìlànà ISO 41001 jáde, èyí tí ilé iṣẹ́ èyíkéyìí lè fi díwọ̀n ara rẹ̀. Nílẹ̀ wa, ojú tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wo iṣẹ́ náà ni ojú ẹni tó ń gbálẹ̀, tó ń tan jẹnẹrétọ̀, tó sì ń gba owó ilé.

Bẹ́ẹ̀, ìtọ́jú ilé kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Àwọn baba wa tí wọ́n ń fi koríko bo ilé mọ̀ pé kí òjò tó dé ni wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ òrùlé wò. Àwọn ìyá wa náà mọ ìgbà tí wọ́n ń pa ilẹ̀ àti ògiri. Ilé ìgbà náà, ojú lásán ló ń rí àìsàn rẹ̀. Ilé òde òní ń fi àìsàn rẹ̀ pamọ́: wáyà wà nínú ògiri, páìpù wà lábẹ́ ilẹ̀, okùn lífítì wà nínú ihò tí ẹnikẹ́ni kì í yọjú sí. Ẹni tí kò bá kọ́ ọ kò lè rí i.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ínfátà. Nígbà tí owó epo dísù gun òkè, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ló yà sí ínfátà àti iná oòrùn, wọ́n sì to bátìrì sí yàrá tó bá ṣófo. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ mọ̀ pé yàrá bátìrì gbọ́dọ̀ ní ibi tí atẹ́gùn ń gbà, pé ó gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń ké bí èéfín bá yọ, àti pé kò gbọ́dọ̀ wà níbi tí èéfín rẹ̀ yóò ti gba àtẹ̀gùn lọ bá àwọn tó wà lókè. Ó mọ̀ pé èéfín a máa pani kí iná tó dé ọ̀dọ̀ ẹni, nítorí náà kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi òkúta gbé ilẹ̀kùn àtẹ̀gùn sílẹ̀ ní ṣíṣí, tàbí kí wọ́n fi àgádágodo ti ọ̀nà àbájáde kejì nítorí olè.

Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1980 ni àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí dá ẹgbẹ́ tó di IFMA sílẹ̀. Ọ̀kan nínú ìwé ẹ̀rí wọn, FMP, ní ẹ̀kọ́ mẹ́rin: ìlò àti àtúnṣe ilé, ètò iṣẹ́ àkànṣe, ìṣúná owó, àti ìdarí. Ní Bìrìtìkó, ẹgbẹ́ BIFM bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1993, ó sì di IWFM ní ọdún 2018. Ètò ẹ̀kọ́ tiwọn ní ìpele, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ lè gun àkàbà náà dé ipò ọ̀gá. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì tàbí tó ń ṣọ́ ilé ní Lọ́ńdọ̀nù pọ̀, ọ̀nà ìgòkè sì nìyí fún wọn.

IFMA ní ẹ̀ka ní Nàìjíríà, a sì ní ẹgbẹ́ tiwa, AFMPN. Àmọ́ dọ́là ni wọ́n fi ń díye lé ìwé ẹ̀rí Amẹ́ríkà. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí 460 náírà níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ti kọjá 1,500 náírà kí ọdún 2024 tó parí. Ẹ̀kọ́ tí iye rẹ̀ kò yí padà lọ́hùn-ún ti di ìlọ́po mẹ́ta fún ọmọ wa. Bí a bá fi ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ fún ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ òkèèrè nìkan, àwọn ilé iṣẹ́ epo àti báńkì ni yóò máa rí owó rẹ̀ san. Ọsibítù, ilé ẹ̀kọ́ àti sẹkitéríàtì ìjọba yóò ṣẹ́kù sẹ́yìn.

Òfin ńkọ́? A kò ṣàìní òfin. Òfin fákítọ̀rì ilẹ̀ wa sọ pé ẹni tí ìjọba fọwọ́ sí gbọ́dọ̀ yẹ lífítì fákítọ̀rì wò fínnífínní, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́fà. Ìlànà ilé kíkọ́ ti orílẹ̀-èdè wa ti wà láti ọdún 2006. Ní oṣù kìíní, ọdún 2019, nígbà tí Babatunde Fashola jẹ́ mínísítà, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ètò ìtọ́jú àwọn ilé ìjọba. Fashola sọ nígbà náà pé ìtọ́jú ilé yóò pèsè iṣẹ́ fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ìwé kì í yẹ okùn lífítì wò, èèyàn ló ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ jù nìyí. Ẹ jẹ́ ká wò ó bí ó ṣe máa ń rí: lífítì ń pariwo, ẹni tó ń lò ó sọ fún alámòójútó, alámòójútó kọ̀wé sí ọ́fíìsì, ọ́fíìsì kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ìjọba, ìwé ń ti orí tábìlì kan bọ́ sí òmíràn. Ní gbogbo àsìkò yìí, lífítì ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ̀ ọ́. Àlàfo tó wà láàárín ẹni tó rí àléébù àti ẹni tó ní àṣẹ láti dá ẹ̀rọ dúró ni ẹnu tí ògiri wa là. Bí a bá fún èèyàn ní ìwé ẹ̀rí mẹ́wàá tí a kò fún un ní àṣẹ, ẹlẹ́rìí ìjàǹbá lásán ni a sọ ọ́ dà.

Àwọn kan yóò ní owó kò sí. Kí wọ́n wo Ilé Kòkó ní Ìbàdàn, ilé alájà 26 tí wọ́n fi owó kòkó àwọn àgbẹ̀ wa kọ́, tó sì parí ní ọdún 1965. Iná jó o ní oṣù kìíní, ọdún 1985. Ọdún 1992 ni wọ́n tó tún un ṣí. Owó ilé ọdún méje lọ, ká má tíì sọ owó àtúnṣe. Kí wọ́n wo gbọ̀ngàn ìṣeré ìjọba àpapọ̀ ní Ìgànmú, tí a fi gba àlejò gbogbo ayé ní FESTAC ọdún 1977. Ó bàjẹ́ débi pé àwọn báńkì ní láti kówó jọ tún un ṣe, ọjọ́ kìíní, oṣù kẹwàá, ọdún 2025 ni wọ́n sì tó tún un ṣí, pẹ̀lú orúkọ Wọlé Ṣóyínká. Ó dùn mọ́ wa. Ìbéèrè wa ni pé ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀ kó má baà tún padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀?

Ohun mẹ́ta la rí pé ó yẹ ní ṣíṣe. Èkíní, kí ìjọba má ṣe ṣí ilé alájà kankan mọ́ láìdárúkọ ẹni tó kọ́ṣẹ́ àmójútó rẹ̀, láìsì ya owó ọdọọdún sọ́tọ̀ fún un. Èkejì, kí àṣẹ wà lákọsílẹ̀ pé ẹni náà lè ti lífítì, kó pa jẹnẹrétọ̀, tàbí kó kó èèyàn jáde, láìdúró de ìbuwọ́lù ọ̀gá kankan, kí ẹnikẹ́ni má sì fìyà jẹ ẹ́ nítorí rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gbogbonìṣe àti tẹ́kíníkà wa máa kọ́ni ní àtúnṣe lífítì, ínfátà àti ohun èlò iná, ní owó náírà, títí kan rewáyà àti plọ́ńbà tó ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀.

Ó ku tiwa, àwa tí à ń lo ilé. Bí ẹ bá dé ibi iṣẹ́ yín, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n yẹ lífítì wò gbẹ̀yìn. Ẹ béèrè ọ̀nà àbájáde kejì, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ yín rìn ín lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Ojú tí yóò báni kalẹ́, kì í tàárọ̀ ṣepin. Ilé tí yóò bá wa kalẹ́ náà, ọjọ́ tí a ṣí i ni a ti ń yan ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀.