Èdè Faransé Kò Jìnnà sí Wa

Sí Olóòtú,

Òǹkàwé yín kan ní kí wọ́n yọ èdè Faransé kúrò nílé ẹ̀kọ́ Èkìtì, nítorí kò sẹ́ni tó ń ti Adó lọ wo ilé gogoro Eiffel. N kò fara mọ́ ọn. Ṣé Paris nìkan ni Faransé wà ni? Nígbà tí àwọn òyìnbó pààlà lọ́dún 1889, Kétu tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin báyìí bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Títí dòní, Faransé ni ọmọ Kétu fi ń kàwé, búrẹ́dì gígùn tó le gbagidi ni wọ́n sì ń jẹ níbẹ̀ (tiwa tó rọ̀ ni mo fẹ́ràn jù, ẹ má bínú). Ọmọ Faransé kan, Pierre Verger, tí wọ́n bí ní Paris lọ́dún 1902, Kétu yìí ló ti tẹfá, tó di Fátúmbí. Ó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó sì kó ewé àti ọfọ̀ wa jọ sínú ìwé Ewé tó jáde lọ́dún 1995.

Ẹni tó bá ń kó ẹrù lọ sí Kétu lè fi Yorùbá nájà, ṣùgbọ́n Faransé ni ìwé aṣọ́bodè ibẹ̀. Abúlé Èdè Faransé, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní èdè náà, wà ní Àgbádárìgì nílé níbí. Kí ìjọba rán àwọn olùkọ́ wa lọ síbẹ̀.

Òǹkàwé yín,
Adó-Èkìtì